Ibi Tí Táńkì Ti Sán

Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé kí n ṣe sùúrù. Mo ti ṣe é, ẹ sì máa gbọ́ ibi tó gbé mi dé.

Ike ni mò ń jó. Bí garawa bá sán, bí bọ́ńpà ọkọ̀ bá là sí méjì, bí àgbá omi bá ń jò, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń gbé e wá, màá fi irin gbígbóná jó o pọ̀, ẹni tó ni ín á sì gbàgbé pé ó sán rí. Àwọn tó ń fi alùpùpù sáré ìje nínú ẹrẹ̀ ló sọ mí ní Dókítà Ike, nítorí pé kò sí ìgbà tí wọ́n máa jáde tí wọn ò ní í ṣubú, kò sì sí bí wọ́n ṣe máa ṣubú tí nǹkan kan ò ní í sán lára alùpùpù wọn. Mo fẹ́ràn orúkọ yẹn. Mo máa ń ṣe bíi pé n ò gbọ́ kí wọ́n lè tún un pè.

Bàbá mi ló kọ́ mi níṣẹ́. Mo ṣì ń rákòrò nígbà tí ìyá wa kú, inú ṣọ́ọ̀bù yìí náà ni Bàbá ti tọ́ èmi àti ẹ̀gbọ́n mi dàgbà. Iwájú ni káńtà tí a ti ń ta ẹ̀yà ara alùpùpù, àárín ni tábìlì iṣẹ́ wà, ẹ̀yìn sì ni yàrá kékeré kan tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri aládùúgbò. Ẹ̀gbọ́n mi ò ráyè iṣẹ́ ọwọ́. Ó ní gíríìsì ń ba èékánná òun jẹ́. Eré ìje ni tiẹ̀, Ìjì ni wọ́n ń pè é nínú ẹgbẹ́ wọn, kò sì sí ẹni tó mọ alùpùpù gùn tó o níbẹ̀. Inú ń bí mi sí i, ṣùgbọ́n ìbínú ò ní kí n purọ́ mọ́ ọn. Òun ń gùn, èmi àti Bàbá ń tún un ṣe. Nígbà tí ọwọ́ Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ohunkóhun tó bá ti jẹ mọ́ irin gbígbóná di tèmi nìkan.

Nígbà tó yá, táńkì epo alùpùpù ẹ̀gbọ́n mi sán nísàlẹ̀ lápá òsì, níbi tó ti fi gbá òkúta. Mo jó o. Ẹ̀gbọ́n mi gbé e lọ sí eré ìje. Wọn ò tíì sáré dé ìdajì tí epo fi bẹ̀rẹ̀ sí í kán sórí sàlẹ́ńsà tó ti gbóná janjan, bí iná ṣe sọ nìyẹn. Wọ́n da erùpẹ̀ bò ó títí iná náà fi kú, ṣùgbọ́n ó ti jó ẹ̀gbọ́n mi láti itan dé orúnkún, ó sì ti bó ọwọ́ ọ̀dọ́kùnrin tó sáré wá fà á yọ. Láti ọjọ́ náà, orúnkún ẹ̀gbọ́n mi ò ká dáadáa mọ́. Eré ìje ti tán fún un.

Orí bẹ́ẹ̀dì ló wà tó fi sọ fún Alága ẹgbẹ́ wọn pé, "Ibi tí àbúrò mi jó ló ṣí."

Mo gbà á gbọ́. Èyí ló ń dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀. Mo gbà á gbọ́, mo kúnlẹ̀ lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì náà, mo bẹ̀ ẹ́, omi ń dà lójú mi. Èmi ni mò ń fọ egbò rẹ̀ láràárọ̀, èmi ni mò ń se oúnjẹ rẹ̀, èmi ni mò ń gbé e lọ sílé ìgbọ̀nsẹ̀. Mo bẹ Bàbá pé kó jẹ́ kí n rí táńkì náà, kí n lè mọ ibi tí mo ti ṣìṣe. Ó ní òun ti jù ú nù. Ó ní òun ò fẹ́ kí n máa wò ó kí n máa dá ara mi lẹ́bi. Mo rò pé ìfẹ́ ni, mo tiẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Alága ní òun ò fẹ́ kí n fọwọ́ kan alùpùpù ẹgbẹ́ òun mọ́ láéláé. Bàbá ní kí n kúrò nídìí tábìlì iṣẹ́, kí n lọ jókòó sí káńtà fúngbà díẹ̀. Mo ń ta plọ́ọ̀gì, mo ń ta ṣéènì. Àwọn ará ẹgbẹ́ á wọlé, wọ́n á ní, "Dókítà tó ń pa aláìsàn, fún wa ní ṣéènì kan." Wọ́n á rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín. Kí ni ẹlẹ́bi fẹ́ ṣe?

Ìyálẹ̀ta ọjọ́ kan ni Bàbá pè mí sí yàrá ẹ̀yìn. Nǹkan kan wà lórí tábìlì tó fi àpò dì.

"Ti ilẹ̀kùn yẹn."

Mo tì í.

"Alága ti rí ẹni tó máa gun alùpùpù ẹ̀gbọ́n rẹ," ló wí. "Gbogbo ẹ̀ ló pé, àfi táńkì. Irú ẹ̀ ò sì sí lọ́jà mọ́, wọn ò ṣe é mọ́. Èmi ni mo lè jó o, ṣùgbọ́n ìwọ náà wo ọwọ́ mi." Ó nà án jáde kí n rí bó ṣe ń gbọ̀n. "Bá mi ṣe é. Níhìn-ín ni kó o ti ṣe é, má jẹ́ kí èrò iwájú rí ọ."

"Táńkì wo, Bàbá?"

Ó tú àpò náà. Mo mọ táńkì yẹn kó tó tú u tán. Ẹni tó bá ti jó nǹkan rí, kò sí bó ṣe máa rí i kó má mọ̀ ọ́n.

"Ẹ ní ẹ ti jù ú nù."

"Mo rò pé mo ti jù ú nù ni."

Mo gbé táńkì náà lọ sójú fèrèsé. Ojú ibi tí mo jó wà níbẹ̀, ó wú sókè bí àpá egbò, nítorí pé èmi kì í fá a palẹ̀, ike tó bá wú díẹ̀ ló máa ń lágbára. Mo fi èékánná tẹ̀lé e láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò ṣí. Kò sán bó ti wù kó kéré mọ. Mo yí táńkì náà sí apá ọ̀tún, mo sì rí i: níbi etí tí nọ́ọ̀tì ti ń dè é mọ́ ara alùpùpù, ibẹ̀ ló ti là, ó bẹ̀rẹ̀ láti inú ihò nọ́ọ̀tì, ó sì sọ̀ kalẹ̀ gbọọrọ sí ọ̀kánkán sàlẹ́ńsà.

Ike tó bá sán nítorí ìṣubú máa ń ní ojú ibi tó ti fara gbá nǹkan. Èyí ò ní. Ihò náà ti fẹ̀, àpá eyín nọ́ọ̀tì sì wà nínú rẹ̀ yí ká. Wọ́n ti fi sípánà fi agídí yí nọ́ọ̀tì tó tóbi ju ihò lọ wọ inú rẹ̀, wọn ò sì fi rọ́bà sábẹ́ rẹ̀. Rọ́bà kékeré yẹn ni kì í jẹ́ kí irin àti ike bára wọn jà. Kò sí ìgbà tí mo de táńkì tí n kì í fi sí i. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo dè é kẹ́yìn. Òwúrọ̀ ọjọ́ eré ìje, ẹ̀gbọ́n mi tú u, ó ní òun fẹ́ fọ ẹrẹ̀ abẹ́ rẹ̀ kó lè dára lójú èrò, òun fúnra rẹ̀ ló sì dè é padà.

Ìgbà yẹn ni mo rí ihò wẹ́wẹ́ méjì níbi tí ojú sísán náà parí sí. Kí a tó jó ike, a máa ń lu ihò tín-ín-rín sí ìparí ibi tó sán, kó má baà tún sáré lọ síwájú. Ẹyọ kan ni gbogbo oníṣẹ́ wa ń lù. Bàbá mi nìkan ni mo mọ̀ tó ń lu méjì, ó ní ọlọ́dẹ kan lè sùn lọ. Eruku ti dí àwọn ihò náà, wọ́n ti di dúdú. Kì í ṣe àná ni wọ́n lù wọ́n.

Mo yíjú sí i. "Bàbá, ìgbà wo lẹ ti rí ibí yìí?"

Ó wo ilẹ̀.

"Bàbá, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀."

"Ọjọ́ tí wọ́n gbé e wá," ló wí. "Mo fẹ́ jó o. Mo ti lu ihò sí i. Mo wá rò ó pé bí mo bá jó o, wọ́n máa béèrè ibi tó ti sán."

"Ẹ sì jẹ́ kí n kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́? Ẹ ń wò mí bí mo ṣe ń fọ egbò fún un, tí mò ń tọrọ àforíjì ohun tí n ò ṣe? Bàbá!"

"Fara balẹ̀."

"Kí n fara balẹ̀ síbo? Sí káńtà?"

Àwọn àgbà ní bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Mo ti ń pa òwe yẹn kiri láti kékeré, bí ẹní ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù, n ò mọ̀ pé ó ní egungun. Ẹ̀gbọ́n mi purọ́ mọ́ mi, ó dùn mí, ṣùgbọ́n mo lè ru ìyẹn. Ẹ̀rù ló bà á. Bàbá ńkọ́? Òun ló kọ́ mi láti máa ka ojú ibi tí ike ti sán. Òun ló sọ fún mi pé ike kì í parọ́.

Ó jókòó sórí àpótí. Ojú rẹ̀ ti yí padà, ó sì dàbí ẹni tó dàgbà sí i níṣojú mi. Ó ní ọ̀dọ́kùnrin tí ọwọ́ rẹ̀ bó yẹn, àwọn ẹbí rẹ̀ ń lérí nígbà náà pé àwọn ò ní í gbà. Ó ní bí wọ́n bá mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n mi ló de táńkì lódì, wọn ì bá lé e kúrò nínú ẹgbẹ́ pátápátá. Ó ní gbogbo ìyẹn ti rọlẹ̀ báyìí.

"Bá mi jó o," ló wí. "Lọ́jọ́ tí Alága bá wá gbé e, níṣojú rẹ, níṣojú ẹ̀gbọ́n rẹ, èmi fúnra mi máa fi ẹnu mi sọ bó ṣe jẹ́. Wàá padà sídìí tábìlì rẹ. Ṣé o gbọ́? Èmi bàbá rẹ ni mo sọ bẹ́ẹ̀."

Fóònù mi wà lápò. N ò fi ya àwòrán kankan. Ta ló ń ya àwòrán ọ̀rọ̀ tó wà láàrin òun àti bàbá rẹ̀?

Mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo fi omi àti ọṣẹ ṣan táńkì náà títí òórùn epo fi kúrò nínú rẹ̀, mo sá a sóòrùn, mo sì rọ omi sínú rẹ̀ dé ìsàlẹ̀ ibi tó là, kí afẹ́fẹ́ epo tó bá kù má baà ráyè gbaná. Mo wá gé ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ láti ara táńkì àtijọ́ kan tó jẹ́ irú ike kan náà. Gọ́ọ̀mù kì í mú ike yìí, ike mìíràn kì í sì í lẹ̀ mọ́ ọn. Ọmọ ìyá rẹ̀ nìkan ló ń gbà mọ́ra. Nígbà tí mo rántí bí Bàbá ṣe máa ń fi ọ̀rọ̀ yẹn dá èmi àti ẹ̀gbọ́n mi lẹ́kun nígbà tí a bá jà, ẹ̀rín pa mí, kì í sì í ṣe ẹ̀rín ire.

Mo gbẹ́ ojú ibi tó sán kó jìn díẹ̀. Mo fi irin gbígbóná yọ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, mo ń fi ọ̀já náà kún un díẹ̀díẹ̀. Mo tẹ àwọ̀n irin wẹ́wẹ́ wọ inú rẹ̀, mo sì fi ike bò ó. Ó ti pẹ́ tí mo ti fọwọ́ kan irin náà, síbẹ̀ ọwọ́ mi ò gbàgbé. Ọlọ́run jẹ́ ẹlẹ́rìí mi, inú mi dùn nígbà tí mò ń ṣe é. Mo tiẹ̀ ń kọrin lábẹ́lẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ló ṣílẹ̀kùn láìkànkùn. Ó rí táńkì náà, ó rí mi, ó sì dúró sórí ẹsẹ̀ tó yè.

"Ṣé ẹ rí i?" mo bi í. "Ẹ wo ibi tó ti sán."

"Àbúrò mi, nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo ni," ló wí. "Ti tẹ́lẹ̀ sọnù nínú ẹrẹ̀, mo sì ń kánjú. Ṣé o rò pé mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni?"

"N ò sọ pé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ dè é. Irọ́ tí ẹ pa ńkọ́, ẹ mọ̀ọ́mọ̀ pa á àbí ẹ̀yin náà ń kánjú?"

Ó nu ojú rẹ̀. "Ara ń ro mí lọ́jọ́ yẹn. Alága ní, 'Kí ló fà á?' Orúkọ rẹ ló wá sí mi lẹ́nu. Nígbà tó yá, mi ò mọ bí mo ṣe máa gbà á padà mọ́." Ó tún ní, "Bàbá ti sọ fún mi pé òun máa sọ ọ́. Kó sọ ọ́. Ó ti sú èmi náà."

Mo gbà á gbọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Orí mi ò pé, àbí?

Nígbà tí mo jó o tán, Bàbá wá wò ó. Ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó mi orí. "Ó dára. Ṣùgbọ́n bá mi fá a palẹ̀. Alága fẹ́ kùn ún, ó sì fẹ́ lẹ àmì ẹgbẹ́ mọ́ ọn. Fá ti ìsàlẹ̀ náà, èyí tó o jó tẹ́lẹ̀, kí gbogbo ẹ̀ lè dọ́gba."

"Bàbá, èmi kì í fá a."

"Mo mọ̀. Ìwọ ṣáà fi àwọ̀n irin sí i, kò ní í ṣe nǹkan kan. Ṣe é kó dán fún mi. Jẹ́ kí wọ́n rí ọwọ́ rẹ."

Jẹ́ kí wọ́n rí ọwọ́ rẹ. Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú mi. Mo fi abẹ fá a, mo fi sáńpépà gbo ó, mo fi omi gbo ó, mo sì fi iná fẹ́ ẹ lórí fẹ́ẹ́rẹ́ kó lè máa dán. Bí mo ṣe ń fi ìka wá ibi tí mo jó, bẹ́ẹ̀ ni èmi fúnra mi ò rí i mọ́. N ò tíì ṣe iṣẹ́ tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Alága wá lọ́jọ́ kejì. Ọkùnrin tó sanra ni, ohùn rẹ̀ máa ń wọlé ṣáájú rẹ̀. Bàbá gbé táńkì náà sórí tábìlì àárín, ẹ̀gbọ́n mi dúró lápá kan, èmi sì kúrò ní káńtà wá dúró lápá kejì. Bí Bàbá bá sọ̀rọ̀, mo padà sídìí iṣẹ́ mi. Bí kò bá sọ̀rọ̀, oníṣéènì ni mí títí ayé.

Alága fi ọwọ́ ra táńkì náà lókè nílẹ̀. Ó gbé e sókè, ó wò ó láti abẹ́. "Ibo ló tiẹ̀ ti sán?" ló wí. "Bàbá, èyí kọjá iṣẹ́. Ta ló ṣe é? Ẹ má sọ pé ẹ̀yin ni o, mo ti rí ọwọ́ yín."

Bàbá wò mí. Ó wo ẹ̀gbọ́n mi.

"Àkọ́bí mi ni," ló wí. "Láti ìgbà tí ẹsẹ̀ ò ti jẹ́ kó lè gùn mọ́ ló ti ń kọ́ ọ."

"Ìjì!" Alága na ọwọ́ sí i. "O mọ̀ ọ́n ṣe báyìí, o sì jókòó sílé?"

Ẹ̀gbọ́n mi wo ọwọ́ náà. Mo ń wò ó. Ó bọ̀ ọ́.

"Irọ́ ni!" mo pariwo. "Èmi ni mo jó o! Èyí tí mo jó tẹ́lẹ̀ ò ṣí rárá, ibi etí nọ́ọ̀tì ló ti sán, òun ló dè é lódì!"

Alága ò bínú. Ì bá tiẹ̀ sàn bó bá bínú. Ó yí táńkì náà sí mi, ó ní, "Fi hàn mí."

Mo na ìka. Ike funfun tó ń dán nìkan ló wà níbẹ̀. Mo yí i síbi tí mo jó tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ náà ń dán. Ihò méjì tí Bàbá lù, mo ti fi ọwọ́ ara mi dí wọn. Àpá eyín nọ́ọ̀tì, mo ti fi ike tuntun bò ó, mo sì ti lu ihò tó mọ́ sójú rẹ̀. Ìgbà yẹn ló yé mi, ìdí tí Bàbá fi ní kí n ṣe é kó dán. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa lé e bá. Ẹni tó pa òwe yẹn ò jó ike rí.

"Ọmọ Bàbá," Alága wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, "ẹ̀gbọ́n ẹni kì í ṣe ẹni tí à ń ṣe ìlara rẹ̀." Ó kọjú sí ẹ̀gbọ́n mi. "Màá kó táńkì àwọn tó kù wá. Gbogbo alùpùpù ẹgbẹ́, ọwọ́ rẹ ni wọ́n wà láti òní lọ." Ó gbé táńkì náà sábẹ́ apá, ó sì jáde.

Mo dúró títí ọkọ̀ rẹ̀ fi lọ.

"Ẹ ṣèlérí fún mi," mo wí.

"Mo fẹ́ sọ ọ́," ni Bàbá dáhùn, kò sì lè wò mí lójú. "Mo ṣí ẹnu láti sọ ọ́. Mo wá wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìwọ lọ́wọ́. Ibikíbi tó o bá gbé ọwọ́ yẹn dé, wàá jẹun. Òun ńkọ́? Kí ló kù fún un ju orúkọ lọ?" Ó fi ọwọ́ tó ń gbọ̀n nu tábìlì tí kò dọ̀tí. "Ìwọ lo ṣì máa jó àwọn táńkì tó kù. Nínú yàrá ẹ̀yìn náà ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ á máa gbé wọn jáde. Ilé kan náà ni owó rẹ̀ ń wọ̀."

Ohun tó kọ́ mi ló fi mú mi. Ká ní mo jẹ́ ọ̀lẹ ni, ká ní mò ń fi èékánná ṣe àwáwí, bóyá bàbá mi ì bá gbèjà mi. N ò sunkún. Mo rò pé màá sunkún, ojú mi gbẹ.

Mo lọ sí yàrá ẹ̀yìn, mo fa wáyà irin náà yọ lára ògiri, mo sì mú un jáde pẹ̀lú ọ̀já ike tó kù. Mo kó gbogbo rẹ̀ lé ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́. Ó dì í mú lódì, bí ẹní di ejò mú níbi ìrù.

"Àbúrò mi, dúró," ló wí. Ohùn rẹ̀ ti wọlẹ̀. "Wọ́n ń kó àwọn yòókù bọ̀. Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bó bá ti gbóná tó?"

Láti ọjọ́ tí mo ti mọ ọ̀rọ̀ sọ, n ò sọ "ìwọ" sí ẹ̀gbọ́n mi rí.

"Bi bàbá rẹ," mo wí, mo sì gba ẹnu ọ̀nà iwájú jáde.